Ọkọ̀ Ọkọ Mi

Sálísù tó ń ti ọmọlańkẹ́ kiri Òkè-Bálógun,
tó ń firin lu irin, tó ń ké "Kóńdẹ̀mù dà?",
òun ni orogún mi láràárọ̀.
Ohun tó bá kọ́kọ́ rí di ti òṣùwọ̀n,
èyí tí mo bá kọ́kọ́ rí di ti òdòdó.
Lánàá, bútà Ìyá Múfútáù tó ń jò:
òun dì í lẹ́nu mú, èmi dì í nídìí,
igba náírà ló là wá.

Ẹ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má bọ́ bàtà:
ìdérí ìgò mínírà ni mo tò sínú sìmẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà yẹn,
ó dùn ún wò, ó ń jó ẹsẹ̀ bí oòrùn bá dé àtàrí.
Táyà tí ẹ ń wò, ti Pẹ́jò àna mi ni.
Mo fọ̀bẹ gé e létí, mo yí inú rẹ̀ síta,
ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni n kò lè fọwọ́ fọ abọ́.
Abọ́ tánganran ìgbéyàwó mi, tí àwọ̀ rẹ̀ ti họ,
àwọn ẹ̀ga ló ń wẹ̀ níbẹ̀ báyìí,
wọn a wẹ̀ tán, wọn a máa jà.

Mọ́níáyọ̀ pè mí láti Ìkẹjà:
"Ẹ jẹ́ n ra kòkò òdòdó gidi ránṣẹ́, ìyá mi,
àwọn funfun tó ń dán."
Mo ní kó fowó rẹ̀ ra bàtà.
Kòkò tó ń dán kò mọ ẹnikẹ́ni nílé yìí.

Mo mọ̀, ọkọ̀ ni ẹ wá wò.
Ọkọ̀ ọkọ mi ni.
Òun ló gbé owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́rin wá láti orí ọ̀sà,
kí ìdí rẹ̀ tó jẹrà níbì kan tí kò tó àtàǹpàkò.
Lámídì fi àkísà àti ọ̀dà dí i. Ó tún un dí.
Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù Agẹmọ, ọ̀dà jọ̀wọ́ ara rẹ̀
láàárín ọ̀sà, níbi tí ọ̀pá kì í kan ilẹ̀.
Àárọ̀ ni wọ́n tó rí i, ó so mọ́ ọkọ̀ tó dojú dé
bí ọmọ ṣe ń so mọ́ ìyá.
Kò wọ omi mọ́.
Ọdún mẹ́ta ló fi jókòó tì í lẹ́yìnkùlé,
kò bú u, kò tà á.
Ibà ló pa á níkẹyìn, kì í ṣe omi.

Àdúà ogójì ọjọ́ kò tíì tutù
tí àbúrò rẹ̀ fi gbé àáké dé:
"Pákó yìí á yan ẹja ọ̀sẹ̀ kan."
Mo jókòó sínú ọkọ̀ náà.
Mo ní kó kọ́kọ́ la èmi.

Ó lọ tán, mo lọ sétí omi níbi tí ilẹ̀ gbé dúdú,
mo fi ọkọ́ da ilẹ̀ sínú ọkọ̀ ọkọ mi.
Ẹ pè é kíákíá, ẹ ó rí i bó ṣe ń dì mọ́ ahọ́n.
Mo wá gbé agolo ọ̀dà, mo fẹ́ dí ihò ọ̀hún,
ihò burúkú,
ni Sálísù bá ké látẹnu géètì: "Màmá, fi sílẹ̀!"
Ó ní àgbẹ̀ lòun nílùú wọn kí irin tó gba òun lọ́wọ́ ọkọ́,
ó ní ohun tí kò níhò nídìí
ni í fi omi pa gbòǹgbò.
Mo gbé ọ̀dà sílẹ̀. Inú bí mi pé òun ló mọ̀ ọ́n.

Òjò ọdún yẹn kò mọ ìgbà tí wọ́n ń dákẹ́.
Gbogbo ohun tí mo gbìn sínú báàfù rà,
tètè inú bokéètì rà bí ọbẹ̀ àná.
Inú ọkọ̀ nìkan ni ẹfinrin ti ń rẹ́rìn-ín,
òun àti àwọn òdòdó pupa tí n kò mọ orúkọ wọn.
Bí mo bá jí lóru, mo máa ń gbọ́ omi tó ń kán jáde nísàlẹ̀ rẹ̀,
díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó ń fún àwọ̀n gbẹ.

Ìṣó mọ́kànlá ló bọ́ lára pákó rẹ̀.
Mo kó wọn fún Sálísù.
Kò gbé òṣùwọ̀n. Kò dà wọ́n sínú ọmọlańkẹ́.
Àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀ ló kó wọn sí.